Ọmọ ejò mi kọ oúnjẹ, ẹ wá sọ ti yín

Ará Bàrígà:
Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ejò ní Èkó, ẹ kú ilé o. Bí ọmọ ejò yín bá kọ oúnjẹ, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ jápa ló fún mi ní ọmọ ball python kan, irú erè kúkúrú tó máa ń ká rogodo bí ẹ̀rù bá bà á. Ilé ọ̀rẹ́ mi náà ló ti jáde nínú ẹyin. Ó gùn ju rúlà ilé-ìwé lọ díẹ̀, ó ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Mo ra àpótí ike ràbàtà kan ní Oyíńgbò, mo ní kí ọmọ máa jayé. Mo ju eku funfun kékeré kan sí i. Ejò wo eku, eku wo ejò. Ni ejò bá ká ara rẹ̀ jọ, ó ki orí bọ àárín. Eku gùn ún, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú. Báyìí la ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá mi ní, "Àbí kí n lọ po ògì fún un ni?"

Gíráàmù 61 ló wà nígbà tó dé. Ó di 58. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e jáde, tí mò ń tẹ ìhà rẹ̀ wò. Mo ti fẹ́ máa fi tipátipá ti oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí n tó pe ọ̀rẹ́ mi. Ó pariwo mọ́ mi lórí fóònù: "Ìwọ gan-an ni àìsàn tó ń ṣe é!"

Ihò eku àti inú ògán ni irú ejò yìí máa ń gbé nínú igbó. Ibi tó há, tó ṣókùnkùn, tí nǹkan fara kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Mo gbé e sínú ike kékeré, mo dojú abọ́ áísìkìrímù méjì dé, mo gé ihò sí wọn lára. Apá kan gbóná dé 32 lórí tẹmómítà, apá kejì wà ní 26. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru òjò, mo máa ń fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ike. Mi ò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ò mọ bó ṣe nira fún mi tó.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo pa iná yàrá. Mo di òkú ọmọ eku kan sínú ọ̀rá, mo rì í sómi gbígbóná títí ara rẹ̀ fi lọ́ wọ́rọ́wọ́. Ihò wẹ́wẹ́ kan wà ní ètè òkè ejò yìí, ooru ni wọ́n fi ń mọ̀. Eku tútù kò jọ ẹran lójú rẹ̀. Mo fi ẹ̀mú gígùn nà án sẹ́nu ihò abọ́ tó sá sí. Ahọ́n yọ, ó wọlé, ó tún yọ. Ọrùn rẹ̀ ká padà bí ìwọ̀ ẹja. Mi ò rí ìgbà tó bù ú jẹ. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wé e ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo dúró pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, mi ò lè mí.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó:
Kú oríire. Èmi, eku ilé ni mo ń fi pańpẹ́ mú fún tèmi, mo rò pé ọ̀fẹ́ ni. Dókítà ẹran ló bá mi wí. Eku tó ti jẹ májèlé lè pa ejò, irú eku kan sì wà tó ń gbé àìsàn Lásà, èyí tó lè pa èmi fúnra mi. Eku tí wọ́n sìn nìkan ni mò ń rà báyìí.

Ará Ṣómólú:
Ẹ má fi ààyè eku sílẹ̀ pẹ̀lú ejò mọ́jú o! Eku ló jẹ ejò tèmi lẹ́yìn, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ohun tó là mí ni àpò ìwé bíráùn tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Mo kó ejò àti òkú eku gbígbóná sínú rẹ̀, mo ká ẹnu rẹ̀, mo gbé e sínú ike, mo lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, eku ti dàwátì. Bó bá sì ti jẹun tán, ẹ má gbé e fún ọjọ́ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀ ọ́ sí yín lára.

Ará Bàrígà:
Ẹ ṣeun. Ó ti jẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin báyìí, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ lánàá. Mo wo ojú rẹ̀, ó ti funfun bí omidùn, ó fẹ́ bọ́ awọ. Mo dé ike padà. Màmá mi ló yọjú láàárọ̀ yìí: "Ọmọ yẹn ńkọ́, ó ti jẹun?"