Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: yíya ilẹ̀ mòsáíìkì lábẹ́ omi ní Baia

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ mòsáíìkì (ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ṣe ọ̀ṣọ́) àwọn ará Róòmù àtijọ́ tó ti rì sínú omi ní Baia, lẹ́bàá Naples ní Ítálì, ni à ń fi fọ́tò wọ̀n: à ń ya fọ́tò púpọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè so wọ́n pọ̀ di àwòrán kan. Ó jìn tó mítà 5. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan gorí èkejì ní ìdá 80 nínú 100, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ò rí wọn so pọ̀. Oòrùn ọ̀sán ló fà á: ìtànṣán rẹ̀ ń rìn bí ejò lórí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ náà. Ṣé kùtùkùtù ló dáa, àbí ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo oòrùn?

Èyí tó tún burú ni pé àwòrán ibi tó gùn ní mítà 20 ń tẹ̀ láàárín bí abọ́. Ọ̀pá ìwọ̀n (ọ̀pá tí a mọ gígùn rẹ̀) méjì péré la tẹ́ síbẹ̀, igun kan ṣoṣo ni wọ́n sì wà. Àmì mélòó lẹ máa ń tò yí ká, báwo lẹ sì ṣe ń wọn jíjìn ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìgbì ò jẹ́ kí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn dúró? Ẹ má ní ká lu ìṣó mọ́lẹ̀ o.