Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n fètò sí ọmọ bíbí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mẹ́ta?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Kétu

Ẹ̀yin ará nínú ìgbàgbọ́, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, ìbejì wà nínú wọn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gba gbogbo wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, dókítà sọ fún mi pé ojú àpá ilé ọmọ mi ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, pé n kò gbọdọ̀ tètè lóyún mìíràn. Àwọn agbẹ̀bí fẹ́ fi ọ̀pá tín-ín-rín kan tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún sábẹ́ awọ apá mi. Ọkọ mi kọ̀, ó ní Ìjọ Kátólíìkì sọ pé iye ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wa ni ká gbà, àmọ́ ó ní kò sí ohun tó burú bí a bá ń ka ọjọ́, kí a má sún mọ́ra lọ́jọ́ tí mo lè lóyún. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn: bó bá jẹ́ pé nítorí kí n má baà lóyún ni méjèèjì, kí ló dé tí ọ̀kan fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí èkejì kò sì jẹ́? Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí oyún bá dé, òfin ti gbà kí a ṣẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Katikíìsì àgbà, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ọkọ yín ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń fi orúkọ Ìjọ sọ ohun tí Ìjọ kò sọ. Nínú lẹ́tà Humanae Vitae tí Póòpù Paul Kẹfà kọ ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1968, ó hàn kedere pé tọkọtaya tó ní ìdí pàtàkì, ìbáà ṣe ti ara, ti ọkàn tàbí ti àtijẹ-àtimu, lè pinnu láti dúró fún ìgbà kan, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ dá ọjọ́ sí i. Ojú abẹ mẹ́ta lára ilé ọmọ jẹ́ ìdí pàtàkì.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, èrò ọkàn nìkan kọ́ ni Ìjọ ń wò; ó ń wo iṣẹ́ tí a fi mú èrò náà ṣẹ pẹ̀lú. Ẹni méjì lè fẹ́ san gbèsè, kí ọ̀kan ta iṣu oko rẹ̀, kí èkejì sì lọ wa iṣu aládùúgbò tà. Ẹ̀kọ́ Ìjọ ni pé Ọlọ́run so ìfẹ́ àti ìyè pọ̀ nínú ìbálòpọ̀ tọkọtaya, ènìyàn kò sì ní àṣẹ láti já okùn náà. Ẹni tó fi ọjọ́ tó lè lóyún sílẹ̀ kò ba ìbálòpọ̀ kankan jẹ́, nítorí pé kò ṣe é. Ẹni tó ṣe é, àmọ́ tó ti dí ọ̀nà ìyè tẹ́lẹ̀, ti mú nǹkan kúrò nínú rẹ̀. N kò sọ pé ó rọrùn. Ìgbìmọ̀ tí Póòpù John Kẹtàlélógún dá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1963, tí Paul Kẹfà sì fẹ̀ sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló dábàá ní 1966 pé kí a yí ẹ̀kọ́ náà padà. Paul Kẹfà kò gbà, èmi náà sì gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ohun tó ṣe ló tọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín bà mí lọ́kàn jẹ́. Lóòótọ́ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fẹ òfin ìṣẹ́yún lójú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa sì takò ó. Nínú lẹ́tà Evangelium Vitae, ní 1995, Póòpù John Paul Kejì ṣàlàyé pé dídènà oyún àti ṣíṣẹ́ oyún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kan náà: ti àkọ́kọ́ ba òtítọ́ ìbálòpọ̀ jẹ́, ti èkejì pa ènìyàn tó ti wà. Bó ti wù kó kéré tó, ó ti wà.

Kétu tí ẹ wà yẹn ni wọ́n bí èmi náà sí. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá mi bí, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló sì wà láàárín wa, nítorí pé bàbá wa kì í wọ yàrá rẹ̀ títí a ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kí ọkọ yín gbọ́ èyí: òun náà ló ni ìdúró yìí.

Agbẹ̀bí kan, Ṣábẹ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kàlẹ́ńdà nìkan ka ọjọ́, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ, tí nǹkan oṣù kò tíì tò. Ọ̀nà tí dókítà méjì, tọkọtaya ará Ọsirélíà, John àti Evelyn Billings, fi ń kọ́ni dá lórí omi ojú ara: ó lè gbẹ, ó lè ki, ó sì lè mọ́ gaara, kó máa yọ̀, kó máa fà láàárín ìka méjì bí funfun ẹyin. Láti ìgbà tó bá ti yọjú ni kí tọkọtaya ti jìnnà síra, kí wọ́n sì dúró títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó yọ̀ kẹ́yìn. Ẹyin obìnrin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, àmọ́ àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, kí dókítà yín sì mọ̀.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Kétu

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí ọkọ mi létí lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní òun ni yóò máa kọ ohun tí mo bá rí lára mi sínú ìwé lójoojúmọ́. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin, ó ń mu ọmú, n kò sì tíì rí nǹkan oṣù, àmọ́ ìyá ọkọ mi ń fún un ní omi àti àgbo. Ṣé ọmú náà ṣì ń dáàbò bò mí?

Agbẹ̀bí kan, Ṣábẹ

Kí ọmọ máa mu ọmú nìkan tọ̀sán-tòru, kí nǹkan oṣù má tíì dé, kí ọmọ má sì tíì pé oṣù mẹ́fà: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé ni ààbò náà lágbára. Omi àti àgbo ti mú ọ̀kan kúrò. Ẹ rọra bẹ Ìyá kí wọ́n dá a dúró, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín sì bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn láti alẹ́ òní.