"Ìsẹ́gbàgbọ́" kẹ̀? Ta ló sẹ́ ìgbàgbọ́ níbẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi.

Ọ̀rọ̀ tuntun tí ọ̀kan nínú wa gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, "ìsẹ́gbàgbọ́", ń hó mi lára. Ó ní ohun tí òun ń wá orúkọ fún ni kí èèyàn jókòó ti ohun tó gbà gbọ́, kó bi ara rẹ̀ pé níbo ni mo ti rí èyí. Ó ní bí a ṣe ń sẹ́ ògì ló yẹ ká máa sẹ́ ìgbàgbọ́, kí ògì lọ sísàlẹ̀, kí èèrí kù sórí asẹ́. Àwòrán náà dùn, mi ò ní parọ́. Mo rántí ìyá mi nídìí ìkòkò, asẹ́ funfun tí wọ́n so mọ́ ẹnu rẹ̀, ògì dé ìgúnpá wọn, ẹlẹ́dẹ̀ àdúgbò sì ti ń retí èèrí.

Ṣùgbọ́n ẹ pe ọ̀rọ̀ yẹn sókè níwájú ẹlòmíì. Ta ni kò ní rò pé ẹni tó kẹ̀yìn sí Ọlọ́run lẹ ń sọ? Pétérù sẹ́ kí àkùkọ tó kọ. Olè a máa sẹ́ kanlẹ̀. A ti ní "ìsẹ́ra-ẹni", kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tó rò pé wọ́n da ara wọn sórí asẹ́. Sẹ́ ti ògì àti sẹ́ ti irọ́, ohùn òkè ni méjèèjì, kò sí àmì tó lè yà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kan tó fèsì sí i tún kọ "ìgbagbọ́" nígbà mẹ́ta nínú èsì wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni tíṣà àwọn ṣe kọ́ àwọn. Ẹ forí jì mí, sà. Gbà ń di gba bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: gba owó, gba ilé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ò níbi tó ń lọ.

Inú gbọ́ yẹn gan-an sì ni ohun tí à ń wá wà. Róòmù 10:17 ní nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti í wá. Létí Yorùbá, àfi bíi pé wọ́n kàn tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Barry Hallen àti Olubi Sodipo tí wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Ifẹ̀ bi àwọn oníṣègùn léèrè, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1986: ohun tí ojú rí, tí ọkàn sì jẹ́rìí sí, òun là ń pè ní ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ìgbàgbọ́ ni. Ìròyìn ò kúkú tó àfojúbà. Ẹnì kan ti fèsì pé gbọ́ kì í ṣe ti etí nìkan, pé à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ Yorùbá. Òótọ́ ni. Ta ló wá gbọ́ Yorùbá láìjẹ́ pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan?

"Ìtọpa-ìgbàgbọ́", ká tọpa ìgbàgbọ́ dé ẹnu tí a ti gbọ́ ọ, ni mo fara mọ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Kí ló burú? Ọdẹ tó ń tọpa ẹran kò tíì pa á.

Ìyá tó bí ìyá mi kì í jẹ́ ká gbálẹ̀ lálẹ́. Wọ́n ní ọrọ̀ ilé là ń gbá dànù. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí n tó bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé ibo ni ìyá àgbà ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹnu ìyá ọkọ ìyá àgbà ni: yẹtí ìyá ọkọ yẹn kan já bọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, iná àtùpà ò ràn dáadáa, wọ́n sì gbá a mọ́ pàǹtí lọ sí ààtàn. Ó parí. Lánàá, ìrẹsì dà sílẹ̀ ní pálọ̀ mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, iná mọ́lẹ̀ kedere, ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ìyàwó mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Mo tọpa, n kò sẹ́. Ẹ wá pe ìyẹn ní ìsẹ́gbàgbọ́ ká gbọ́.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé sẹ́ náà lẹ ń pe ti ògì lọ́hùn-ún? Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, ẹ tètè fi ran ọ̀rẹ́ wa lọ́wọ́.