Omi ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ àbúrò mi bó bá ti ń jẹun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́, Kúbwá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Pákó ló ń tà ní Dei-Dei. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ tó wọ̀ bọ̀ láti Kàdúná gbókìtì, gíláàsì ya á lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà ló rán an. Ọgbẹ́ ti jiná, àfi ihò kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá ti bu òkèlè àkọ́kọ́, omi á máa kán níbẹ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ á rin gbindin. Bó bá ti jẹun tán, ó dáwọ́ dúró. Kì í lọ sí búkà mọ́, inú yàrá ló ń dá jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún un rán, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ṣí. Wọ́n wá ní iṣẹ́ abẹ ńlá ló kù. Màmá wa ní àwọn ò gbà.

Bàbá Ṣèyí, Nyanya: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ gún ewé ejìnrìn mọ́ ọṣẹ dúdú, kí ẹ fi dí ihò náà pa.

Nọ́ọ̀sì Mọ́rẹ́nikẹ́: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí i o! Omi tí kò rí ibi gbà, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò jókòó sí, á wú, ó sì lè di ọyún. Àbẹ̀kẹ́, ṣé omi náà ń rùn?

Àbẹ̀kẹ́, Kúbwá: Rárá, ó mọ́ lóló. Tó bá lá ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń pọ̀ jù.

Dókítà Eyín, Zaria: Itọ́ nìyẹn. Àpò itọ́ kan wà níwájú etí wa lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Ọ̀pá tóóró kan ló ń gbé itọ́ inú rẹ̀ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sínú ẹnu, ó ń yọ ní ọ̀gangan eyín ńlá òkè tí a fi ń lọ oúnjẹ. Lójú tèmi, gíláàsì ló gé ọ̀pá náà tàbí ó la àpò yẹn, ẹni tó rán an sì rán awọ nìkan. Páìpù ló bẹ́ nínú ògiri, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn sára ògiri.

Kí wọ́n fa omi náà lọ sí láàbù, kí wọ́n wo amylase, èròjà tó ń mú oúnjẹ dà. Ó máa ń ga gan-an nínú itọ́. Lẹ́yìn náà, kì í ṣe ọ̀bẹ ló kàn. Púpọ̀ nínú irú ihò yìí máa ń pa dé fúnra rẹ̀ tí itọ́ bá lè dínkù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A máa ń fi báńdéèjì di ibẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa ń fún èèyàn ní oògùn tó ń mú ẹnu gbẹ bíi hyoscine, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ ẹni tó ní glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú.

Tí ìyẹn kò bá mú un, Botox ń bẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èyí tí wọ́n fi ń na ojú náà ni. Wọ́n á fi skáànù wá àpò itọ́, wọ́n á gún un sí i díẹ̀díẹ̀ ní ojú mélòó kan. Kò ní jẹ́ kí iṣan ara lè rán àpò náà níṣẹ́ pé kó sun itọ́ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì itọ́ á fà sẹ́yìn, ó sì máa ń tó bí oṣù mẹ́ta kó tó padà. Kó tó padà, ihò ti rí àyè pa dé. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan nínú irú abẹ́rẹ́ yìí fún àgbàlagbà tí itọ́ ń dà jù lẹ́nu. Ti ihò bí èyí, ìpinnu dókítà ni. Bó bá ṣàn kọjá ibi tó yẹ, ẹnu lè wọ́ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó ní myasthenia gravis, àìsàn tó ń sọ ẹran ara di aláìlágbára, kò gbọdọ̀ gbà á.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá ló gé, wọ́n tún lè la ọ̀nà tuntun sínú ẹnu, kí wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ títí yóò fi jiná. Yíyọ àpò náà ni mo fi ń sẹ́yìn, torí iṣan tí a fi ń rẹ́rìn-ín, tí a fi ń pa ojú dé, àárín rẹ̀ gan-an ló gbà kọjá.

Adéwálé, Gwarinpa: Ó ṣe mí lẹ́yìn tí wọ́n yọ kókó lẹ́bàá etí mi. Báńdéèjì àti oògùn nìkan ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó parí. Ẹnu mi gbẹ bí ọyẹ́ Kano. Kó yàgò fún ohun kíkan o.

Àbẹ̀kẹ́, Kúbwá: Ẹ ṣeun gan-an. Ibo ni ká gbé e lọ?

Dókítà Eyín, Zaria: National Hospital sún mọ́ yín. Ẹ béèrè ẹ̀ka maxillofacial, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ojú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá sókè, ẹ̀ka náà wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Shika níbí, ó wà ní ilé ìwòsàn Aminu Kano ní Kano pẹ̀lú. Ẹ bèèrè iye tí Botox jẹ́ kí ẹ tó gbà, kì í ṣe owó kékeré.

Àbẹ̀kẹ́, Kúbwá: Mọ́ńdè la ń lọ. Mo kà á fún màmá, wọ́n ní tí kò bá ti sí ọ̀bẹ níbẹ̀, àwọn gbà. Wọ́n wá ń bi mí bóyá èyí tó bá ṣẹ́kù nínú abẹ́rẹ́ náà lè kan iwájú orí àwọn.