Ojú ewé inú fóòdà ń gbé 403 jáde lórí CloudFront

Ọmọ Pákátà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Sáìtì àwọn ahunṣọ òfì n'Ílọrin ni mo gbé sórí S3 (ibi ìpamọ́ fáìlì Amazon), CloudFront (tó ń pín ẹ̀dà fáìlì káàkiri ayé) ló wà níwájú rẹ̀. HTML, CSS àti àwòrán nìkan ni. Ojú ewé àkọ́kọ́ ń ṣí, àmọ́ 403 ("ẹ ò láṣẹ") ni /iye-owo/ ń gbé jáde, bẹ́ẹ̀ index.html wà nínú fóòdà náà. Mo tún pààrọ̀ owó aṣọ láàárọ̀, ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń hàn. Ṣé kí n ṣí bucket (àpò fáìlì mi lórí S3) sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni?

Ará Ọ̀ffà: Rárá o! Ẹ má fọwọ́ kan Block Public Access, òun ló ń dí gbogbo ayé lọ́nà. OAC (Origin Access Control) ni kí ẹ lò, kí CloudFront nìkan lè wọlé.

Default Root Object, ìyẹn fáìlì tí ẹ ní kí CloudFront gbé jáde fún / nìkan, ò kọjá ojú ewé àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá béèrè /iye-owo/, fáìlì tó ń jẹ́ "iye-owo/" gan-an ni S3 ń wá, kò sì sí i. Torí pé CloudFront ò ní àṣẹ ListBucket (láti wo àkójọ fáìlì), S3 ò ní sọ pé 404 ("kò sí i"), 403 ló máa sọ. Ẹ so Function yìí (kóòdù kékeré inú CloudFront) mọ́ Viewer request, ìyẹn ìgbà tí ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé:

```
function handler(event) {
  var r = event.request;
  if (r.uri.endsWith('/')) r.uri += 'index.html';
  else if (!r.uri.includes('.')) r.uri += '/index.html';
  return r;
}
```

Ẹ tẹ Publish o, Save nìkan ò tó. Kí ọ̀nà CSS yín sì fi / bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ /iye-owo tí kò ní / nídìí á ṣí ní ìhòòhò.

Tánkẹ̀: Ti owó yẹn, cache ni, ìyẹn ẹ̀dà tí CloudFront fi pamọ́. Tí fáìlì ò bá ní Cache-Control (àkọlé tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa pa á mọ́ pẹ́ tó), CachingOptimized (ètò cache CloudFront) á dì í mú fún wákàtí 24. Ẹ ṣe invalidation `/*`, kí CloudFront lè da gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ nù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ka ìyẹn sí, 1,000 àkọ́kọ́ lóṣù sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún HTML ní `no-cache`. Àwòrán àti CSS lè gba `max-age=31536000` (ọdún kan), bí ẹ bá ń yí orúkọ fáìlì padà nígbàkígbà tí ẹ bá tún un ṣe. Invalidation kì í dé inú fóònù oníbàárà.

Ará Ọ̀ffà: Ẹ wo Price Class náà, òun ló ń yan agbègbè tí CloudFront ti máa pín fáìlì yín. 100 ò ka Nàìjíríà mọ́ tirẹ̀, 200 ló kà á. Ẹni tó wà ní Ọjà Ọba lè máa gba Yúróòpù lọ mú àwòrán.

Ọmọ Pákátà: 403 ti lọ, ẹ ṣeun. Certificate (ìwé ẹ̀rí HTTPS) tí mo gbà ní agbègbè AWS Cape Town ni kò hàn nínú CloudFront báyìí.

Tánkẹ̀: Kò lè hàn. us-east-1 (agbègbè AWS ní Virginia) nìkan ni CloudFront ń wò. Ẹ gba òmíràn níbẹ̀, kí ẹ sì fi CNAME (àkọsílẹ̀ ìfìdímúlẹ̀) tí wọ́n fún yín sílẹ̀ nínú DNS (ètò orúkọ sáìtì yín) títí lọ. Òun ni wọ́n fi ń tún certificate náà ṣe fúnra wọn kó tó parí.