Ta ló ti ka àlọ́ Cinderella tó jẹ́ pé ọmọ ọba fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́?

Àǹtí Oníwèé, Yábàá:

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ má bínú pé ó máa gùn díẹ̀. Mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ nírọ̀lẹ́ Sátidé níbí ní Yábàá, mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n wà láàrin ọmọ ọdún 13 sí 17, a jọ ń kàwé, nígbà míì mo máa ń ka èyí tí mo kọ fúnra mi fún wọn. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ fẹ́ràn àlọ́ òyìnbó tí wọ́n tún sọ lọ́tun, Cinderella, Snow White, Rapunzel, gbogbo ẹ̀ pátá. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wà láàrin wọn kì í fẹ́ gbọ́ rárá, wọ́n á ti máa tẹ fóònù, àbúrò mi ọmọ ọdún 15 sì wà lára wọn. Mo wá rò ó pé kí n kọ ọ̀kan tó jẹ́ pé ọmọ ọba ló ń sọ ọ́ láti ẹnu ara ẹ̀, "mo ṣe báyìí, mo rí báyìí", láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo kọ ojú ìwé mẹ́wàá, mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tó ti ń gbé bàtà tí Cinderella fi sílẹ̀ nígbà tó sá kúrò níbi ijó kiri láti ilé dé ilé, àbúrò mi gbórí sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ dúró ná. Ó bá a jó, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàtà ló wá fẹ́ fi dá a mọ̀? Ṣé ojú ẹ̀ ò ríran ni?" Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò mí, mi ò sì rí nǹkan kan sọ torí òótọ́ ló sọ.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ó pé nínú gbogbo àlọ́ wọ̀nyí, ọmọ ọba ò lórúkọ, kò lọ́rẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń dùn ún. Ó kàn máa ń gun ẹṣin dé nígbà tí wàhálà ti ń parí lọ, ó á gbéyàwó ẹ̀, ó di gbéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka irú ẹ̀ rí tàbí tẹ́ ẹ ti kọ ọ́, báwo lẹ ṣe ń jẹ́ kí ọmọ ọba sọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún 15 á gbà á gbọ́? Ẹ bá mi dárúkọ ìwé tí mo lè wá pẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà Lítíréṣọ̀, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:

Ẹ kú iṣẹ́ o àbúrò wa, irú nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe Sátidé yẹn, Ọlọ́run á fún yín lókun ẹ̀. Ìbéèrè àbúrò yín yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì mi náà ti bi mí rí.

Cinderella ta ni ẹ̀ ń tún sọ? Ìyẹn lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ torí wọn ò sọ ọ́ bákan náà. Nínú ti Charles Perrault ará Faransé tó jáde lọ́dún 1697, ọmọ ọba ò gbé bàtà kankan kiri o, èèyàn ló rán. Ẹni tó ń wọ bàtà fún àwọn ọmọbìnrin ìlú yẹn ò bá a jó rí, kò lè dá a mọ̀. Tó bá jẹ́ tiẹ̀ lẹ mú, ìbéèrè ti yí padà nìyẹn, ó ti di pé kí ló dé tí ọmọ ọba ò lọ fúnra ẹ̀, ta ló dá a dúró, àbí ẹ̀rù ló ń bà á pé òun lè dé ibẹ̀ kóun má bá a.

Ti àwọn Grimm ní Jámánì ni èyí tó lọ fúnra ẹ̀, ọdún 1812 ni ìwé wọn kọ́kọ́ jáde. Níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe àríyá, ọmọbìnrin yẹn sì sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, ó sá lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta ọmọ ọba ní kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú tó máa ń lẹ̀ kun àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni bàtà ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbé bàtà délé wọn, ọmọ àkọ́kọ́ tí ìyàwó bàbá ẹ̀ bí gé ìka ẹsẹ̀ kó lè wọ̀ ọ́, ọmọ ọba gbé e sórí ẹṣin ó ń gbé e lọ, ẹyẹ ló kígbe sí i pé kó bojú wẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ wà nínú bàtà. Ó dá a padà. Ìkejì gé gìgísẹ̀ tiẹ̀, ó tún gbé ìyẹn náà sórí ẹṣin! Nígbà tó wá kan Cinderella, ẹsẹ̀ ti wọ bàtà tán kó tó wo ojú ẹ̀, ìgbà yẹn ló wá dá a mọ̀.

Ẹ tún ibẹ̀ kà dáadáa. Ojú ẹ̀ ríran, kò wojú ni, ẹsẹ̀ ló ń wò. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà láàfin, tí gbogbo èèyàn tó bá wọlé ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún, àtàárí àti ẹ̀yìn èèyàn ló ń rí látàárọ̀ dalẹ́. Ojú mélòó ló ti wò rí? Ká ní èmi ni mò ń kọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:

Tíṣà, ẹ ṣeun, mo gbádùn èyí tẹ́ ẹ sọ nípa ojú yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ọmọbìnrin sá fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó tún sá fún ẹ lẹ́ẹ̀kejì, o wá da ọ̀dà sílẹ̀ dè é bí ẹni dẹ pàkúté fún eku? Ìbejì mi obìnrin méjèèjì ti pé ọdún 16, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, wọ́n ń bọ̀ wá ròyìn fún mi bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń tẹ̀ lé wọn láti Òjúẹlẹ́gbà dé ẹnu géètì wa. Snow White ńkọ́? Ẹ lọ ka ti àwọn Grimm yẹn, kò sí pé ó fẹnu kò ó lẹ́nu níbẹ̀ rárá o, ọmọ ọba rí òkú ọmọbìnrin nínú pósí gíláàsì, ó ní kí àwọn aràrá fi pósí yẹn ta òun lọ́rẹ, àwọn tó ń gbé e lọ kọsẹ̀ lójú ọ̀nà ni èso olóró fi tú jáde lọ́fun ẹ̀ tó fi jí. Òkú ló tọrọ. Kò mọ orúkọ ẹ̀, kò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́ o àbúrò mi. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí ni pé tẹ́ ẹ bá fún ọmọ ọba lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kó fi wẹ ara ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ lọ́jọ́ tó ní kí wọ́n gbé ọ̀dà wá, kó sọ ọ́ tán láìfi nǹkan kan pamọ́, kí ọmọbìnrin yẹn náà sì láyè láti sọ ìdí tóun fi sá. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn ló yẹ kó gbọ́ ọ jù.

Arìnrìnàjò Ìwé, Ìkẹjà:

Ẹ̀gbọ́n, ní ti ìwé, wá *Beast* ti Donna Jo Napoli, ọdún 2000 ló jáde, ọmọ ọba ilẹ̀ Páṣíà kan tó ń jẹ́ Orasmyn ló ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sọ ọ́ di kìnnìún, ó sì ń ronú bí èèyàn nínú ara ẹranko. Èmi ò lè gbé e sílẹ̀. Èyí tó tún wà ni *Beastly* ti Alex Flinn, 2007, New York ni wọ́n gbé ìyẹn sí, ọmọ olówó kan tó rẹwà tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn níléèwé ni àjẹ́ fi ré, òun náà ló ń sọ tẹnu ẹ̀, wọ́n ti fi ṣe sinimá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Yábàá níbẹ̀ yẹn ni mo ti rí tèmi, ẹ máa yà síbẹ̀ léraléra, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní i.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan, ẹranko ni méjèèjì. Ó rọrùn láti fi ẹni tí ìyà ń jẹ ṣe olùsọtàn. Kódà nínú èyí tí obìnrin Faransé kan tó ń jẹ́ Villeneuve kọ lọ́dún 1740, ọmọ ọba tó di ẹranko yẹn ló fẹnu ara ẹ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe gégùn-ún fún un. Tó bá jẹ́ èmi, ti Rapunzel ni ǹ bá mú ju Cinderella lọ. Ọmọ ọba yẹn bẹ́ láti orí ilé gogoro, ẹ̀gún gún un lójú méjèèjì, ó fọ́jú, ó ń rìn kiri nínú igbó fún ọdún bíi mélòó kan, gbòǹgbò igi ló ń jẹ. Ohùn ọmọbìnrin yẹn ló fi dá a mọ̀, kì í ṣe bàtà. Àbúrò yín ò ní rí nǹkan bi yín níbẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ̀yin ń wá ọmọ ọba lọ sí Faransé, èyí tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó wa níbí ńkọ́? Bàbá àgbà wa ló máa ń sọ ọ́ fún wa. Kòsọ́kọ́ ọmọ Ọba Ọ̀ṣìnlókun. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn ná kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìtàn ẹ̀: kò sí ọkọ́, kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́lẹ̀ sin ín mọ́, orúkọ àbíkú ni, wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ látọjọ́ ìkómọ pé kó jọ̀ọ́ kó dúró. Ó wá dúró, ó dàgbà, ó gbé ọmọbìnrin kan tí Elétù Òdìbò ti ń fẹ́ sọ́nà níyàwó. Elétù Òdìbò yìí, ìjòyè Èkó ni, kì í ṣe èèyàn kékeré, ẹnu ẹ̀ tólẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jọba l'Ékòó. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yẹ kí oyè kan Kòsọ́kọ́, Elétù dí i lọ́nà, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíì, títí Akítóyè tó jẹ́ àbúrò bàbá ẹ̀ fi jọba lọ́dún 1841. Ó di 1845 kí Kòsọ́kọ́ tó fi ogun gba Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Lóṣù Kejìlá 1851 ni àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun wá yìnbọn lu Èkó, ó sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nínú àlọ́ wọn, tí ọmọ ọba bá ti gbéyàwó ìtàn ti parí. Tiwa yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo Àrẹ̀mọ Ọ̀yọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ẹ̀ pé láyé àtijọ́ tí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Aláàfin Àtìbà ló yí i padà tí Adélù ọmọ ẹ̀ fi gorí oyè lẹ́yìn ẹ̀ lọ́dún 1859, Kúrunmí tó ń ṣe olórí Ìjàyè ní òun ò gbà, ogun ló sì dà. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ ọdún 17 tó mọ̀ pé ọjọ́ tí bàbá òun bá kú ni ọjọ́ tòun náà pé, tí wọ́n wá ṣe àríyá fún pé kó mú ìyàwó. Gbogbo ìgbà tí bàbá ẹ̀ bá wúkọ́ lórí ìtẹ́, àyà ẹ̀ á já. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bá ọmọbìnrin jó mọ́jú kó má rántí bí ojú ẹ̀ ṣe rí o.

Tíṣà Lítíréṣọ̀, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta:

Háà, ẹ̀gbọ́n, ibi tẹ́ ẹ gbé e gbà yìí wọ̀ mí lára. Ti Perrault náà ò parí síbi ìyàwó o, èyí tó ní ọmọbìnrin tó sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyá ọmọ ọba yẹn wá láti ìdílé àwọn tó ń jẹ èèyàn, ọmọ ọba sì mọ̀, ló bá fi ìyàwó àti ọmọ méjèèjì pamọ́ fún ìyá ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, ó máa ń ní ọdẹ lòun ń lọ. Ìgbà tí bàbá ẹ̀ kú tóun náà jọba ló tó mú wọn wálé, ó gba ojú ogun lọ, ìyá ní kí wọ́n se àwọn ọmọ-ọmọ òun fún òun jẹ. Ẹ fún ọmọ ọdún 15 nìyẹn kẹ́ ẹ wò ó bóyá á tẹ fóònù.

Àǹtí Oníwèé, Yábàá:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo ẹ̀ nínú gò-síló lórí Third Mainland, mi ò tiẹ̀ mọ̀gbà tá a dé Adéníji.

Mo ti ya ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn dànù, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn ìjòyè dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ń ka ewú orí wọn, bàbá ẹ̀ ń wúkọ́ ní yàrá kejì. Mo fi ọ̀dà sí i, Ìyá Ìbejì. Òun fúnra ẹ̀ ló ro ọ̀dà yẹn nínú ìkòkò, ó sì sọ pé ẹ̀rù ń ba òun pé kò sẹ́ni tó sá fún òun rí, òun ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sírú ẹ̀. Ó máa rí i lẹ́yìn náà pé ọmọbìnrin yẹn fi awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ sára àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà. Mi ò tíì mọ bó ṣe máa bẹ̀ ẹ́.

Mo ka ìyẹn fún wọn lánàá. Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó títí mo fi parí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí, orúkọ ẹ̀ ńkọ́?" Mi ò tíì fún un lórúkọ. Mo sọ ti Kòsọ́kọ́ fún un, ó ní kó jẹ́ orúkọ bíi tìyẹn, tí èèyàn á gbọ́ tí á mọ̀ pé ìyá ẹ̀ sunkún kó tó bí i. Láti àná ló ti ń kọ orúkọ sẹ́yìn ìwé máàtì ẹ̀, ó ti tó mẹ́rìnlá báyìí. Bẹ́ ẹ bá ní èyí tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ bá wa kọ ọ́ síbí, Sátidé tó ń bọ̀ la máa mú ọ̀kan.