Báwo la ṣe lè mú kí káàdì ìdìbò akẹ́kọ̀ọ́ wúlò lọ́jọ́ ìdìbò?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìrànlọ́wọ́ là ń wá. Nínú orúkọ bíi mílíọ̀nù 93 tó wà nínú ìwé àjọ elétò ìdìbò INEC lọ́dún 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 37 tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ọdún 18 sí 34. Àmọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló forúkọ sílẹ̀ nítòsí ọgbà yunifásítì. Nígbà tí wọ́n ti yunifásítì pa ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì nítorí ìdìbò, káàdì wà lápò, ibùdó ìdìbò wà nílùú mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì o: ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtẹ̀ka wò á mú un, òfin ò sì gbà á. Ìyípadà ibùdó ìdìbò ló yẹ kí wọ́n béèrè fún, kí wọ́n wá fúnra wọn lọ gba káàdì tuntun. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n máa ń fi falẹ̀ títí ìforúkọsílẹ̀ á fi kù díẹ̀ kó parí, tí èrò á ti kún ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rí láti yí ibùdó ìdìbò wọn padà, oṣù mélòó ṣáájú ìdìbò lẹ bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn ìdìbò ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kí wọ́n lè máa bi káńsẹ́lọ̀ wọn léèrè gọ́tà tó dí àti omi ẹ̀rọ tí ò yọ mọ́? Èyí gan-an ló jẹ wá lógún jù.